Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n gbọ́ ohùn èlò orin kí wọ́n tó lọ yan máìkì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá sọ́dọ̀ yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ máìkì ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa wò ó pé kí ló wà nínú máìkì tí èèyàn á fi kọ lẹ́tà sí olóòtú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dọ́kàn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta jìtá, tí ìka ẹ̀ ti le torí okùn, tó mọ bó ṣe máa ta á kó rọ̀ àti bó ṣe máa ta á kó le, á dé orí pèpéle, wọ́n á fa máìkì tí wọ́n fi ń kọrin wá, wọ́n á gbé e sẹ́nu ihò jìtá ẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn á wá máa gbọ́ nínú sípíkà ò ju "búù búù búù" lọ. Wọ́n á ní ọ̀gbẹ́ni yìí ò mọ jìtá ta. Ó mọ̀ ọ́n ta jàre, ohùn ẹ̀ ni wọn ò jẹ́ kó dé etí wọn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tá à ń ṣe sáúǹdì jù ni pé "máìkì wo ló dáa jù?" Mi ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ìmọ̀ pamọ́ o, kò sí ìdáhùn fún un ni. Máìkì tó bá èlò orin kan mu, níbi kan pàtó, fún iṣẹ́ kan pàtó, ìyẹn ló wà. Máìkì tó gba ohùn fáyólìn sílẹ̀ ní sítúdíò tí gbogbo wa ń sọ pé áà, ẹ gbé máìkì yẹn kan náà lọ sórí pèpéle tí ìlù ń dún lápá ọ̀tún tí sípíkà ńlá wà lápá òsì, ẹ máa sá fún un. Torí náà ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé èlò wo ni mo fẹ́ gba ohùn ẹ̀, ibo lára ẹ̀ lohùn ti ń jáde, irú yàrá wo la wà, kí ló tún ń dún nítòsí, ṣé ẹni tó ń lo èlò yìí máa jókòó jẹ́ẹ́ ni àbí ó máa jó. Tí èèyàn bá ti dáhùn ìwọ̀nyí tán, orúkọ máìkì tó kù tó lè yàn ò ní pọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí jìtá onígi tí kì í lo iná, torí òun ni wọ́n ń fìyà jẹ jù. Ihò tó wà láàárín ẹ̀ yẹn, ohùn ń jáde níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohùn nínípọn ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ inú àpótí jìtá fúnra ẹ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn tá à ń pè ní 100 Hz, okùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 82 Hz, tí wọ́n bá ti ta okùn tí ohùn ẹ̀ sún mọ́ ti afẹ́fẹ́ inú àpótí yẹn ó máa wú bọ̀m̀ lójijì ni. Igi ojú jìtá, pàápàá nítòsí ibi tí wọ́n so okùn mọ́, ló ń gbé ara ohùn jáde, apá ọrùn ló sì ń mú dídán okùn wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn jìtá), wọ́n á fi máìkì jìnnà sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, wọ́n á wá dojú ẹ̀ kọ ibi tí ọrùn ti wọ ara jìtá, kì í ṣe ihò. Mo ní bẹ̀rẹ̀ o, mi ò ní parí síbẹ̀. Tí ohùn bá fẹ́lẹ́ jù ẹ sún un díẹ̀ sọ́nà ìdí okùn, tó bá nípọn jù ẹ sún un sọ́nà ọrùn, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré lè yí gbogbo ẹ̀ padà ju kéèyàn lọ ra máìkì míì lọ.

Fáyólìn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohùn ẹ̀ pọ̀ jù lápá òkè, igi ojú ẹ̀ ló ń tì í sókè, torí náà ẹni tó bá gbé máìkì sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wá ohun tí kò sọnù síbẹ̀. Tí yàrá bá dáa, máìkì tó wà lókè orí fáyólìn, tó jìnnà tó ìdajì mítà sí mítà kan, tó wá dojú wálẹ̀, ìyẹn máa fún yín ní fáyólìn tó kún. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ọrun tí wọ́n fi ń fà á lẹ máa gbọ́, tó ń há kìrì kìrì kìrì. Okùn tó wà nísàlẹ̀ jù lára fáyólìn ò lọ sísàlẹ̀ ju 196 Hz lọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń gé báàsì lára máìkì yín tàbí lórí míkísà, ìyẹn ẹ̀rọ tá a fi ń po ohùn gbogbo máìkì pọ̀, láìbẹ̀rù, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi lu ilẹ̀ àti ariwo ẹ̀rọ amúlétutù nìkan lẹ máa pàdánù.

Fèrè wá tún yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fẹnu fẹ́ ẹ ń dún, ihò tí ìka ò bò lára ẹ̀ náà ń dún, àmọ́ ibi ẹnu yẹn ni atẹ́gùn ti ń jáde, tí atẹ́gùn yẹn bá lu awọ inú máìkì, kì í ṣe orin lẹ máa gbọ́, "fùùù" lẹ máa gbọ́. Ẹ gbé máìkì kúrò ní ojú ọ̀nà èémí, ẹ gbé e sókè díẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa wo àárín ẹnu àti ìka, kẹ́ ẹ sì fi fóòmù bò ó. Sáksófóònù ni mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Ẹnu gbàǹgbà ẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn ń ti máìkì bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá ti ihò gbogbo pa fún ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ohùn ń ti ẹnu yẹn jáde tán, tí wọ́n bá ṣí ihò, ara ihò tó ṣí lọ̀pọ̀ ohùn ń gbà jáde. Máìkì tó bá wà nínú ẹnu sáksófóònù, ohùn kan á pariwo, èyí tó tẹ̀lé e á sá. Ẹ sún un sẹ́yìn, kó máa wo àárín ara fèrè náà láti òkè ẹnu ẹ̀. Tróńpẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, ẹnu ẹ̀ nìkan ni ohùn ń gbà jáde lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń le débi pé máìkì míì ò ní lè gbà á mọ́ra, ẹ má dojú máìkì kọ àárín ẹnu ẹ̀ gan-an, ẹ yà á díẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ máìkì wàyí. Tẹ́ ẹ bá tú inú àwọn máìkì, oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá pàdé jù. Àkọ́kọ́ ni dáínámíìkì. Awọ tíńrín kan wà lójú ẹ̀, wáyà rodo kékeré lẹ̀ mọ́ awọ yẹn lẹ́yìn, wáyà yẹn wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, tí ohùn bá ti lu awọ, wáyà á mì, iná kékeré á jáde. Kò nílò iná látibì kankan, ó lè já lulẹ̀ kó ṣì máa ṣiṣẹ́, ariwo kì í bà á lẹ́rù. SM57 tí Shure gbé jáde ní 1965 ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní. Àmọ́ wáyà tó lẹ̀ mọ́ awọ yẹn wúwo, ohun tó bá wúwo ò lè tètè mì, torí náà dídán tó rọra wà lókè ohùn jìtá tàbí fáyólìn, dáínámíìkì kì í gbé e tán, SM57 yẹn fúnra ẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ síbẹ̀ ni 40 Hz dé 15,000 Hz. Nǹkan míì ni pé iná tó ń mú jáde kéré, tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú èlò tó ń dún jẹ́jẹ́, ẹ máa ní láti gbé géènì, ìyẹn agbára tí míkísà fi ń fẹ ohùn máìkì, sókè gan-an, ariwo "ṣṣṣ" ti míkísà fúnra ẹ̀ á sì tẹ̀lé e wọlé. Fún ìlù tí wọ́n ń fi agbára lù, fún tróńpẹ́ẹ̀tì, fún pèpéle tí ariwo pọ̀, òun ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, mi ò sì gbà fún àwọn tó ń fojú kéré ẹ̀ pé ti àwọn tí ò lówó ni.

Ìkejì ni kọndẹ́ńsà. E. C. Wente ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1916. Kò sí wáyà lẹ́yìn awọ tiẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan tí kì í mì ló wà lẹ́yìn awọ náà, iná wà láàárín àwọn méjèèjì, bí awọ bá ṣe ń sún mọ́ irin yẹn tó sì ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń yí padà. Torí pé awọ náà fúyẹ́ púpọ̀, ó máa ń tètè dáhùn, ìka tó rọra kan okùn, ọ̀pá tó kan ojú ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó gbọ̀n, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé. Àmọ́ ó nílò iná, iná yẹn la ń pè ní fáńtọ̀mù, fóólìtì 48 ni, látorí míkísà ló ń gba inú wáyà máìkì kan náà wá, ilé iṣẹ́ Neumann sì ló gbé máìkì tó ń lo fóólìtì 48 yìí jáde ní 1966, KM 84 lorúkọ ẹ̀, ìwọ̀n yẹn náà ni gbogbo ayé ṣì ń lò. Tí máìkì kọndẹ́ńsà yín ò bá dún, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́, ẹ wo bọ́tìnnì 48 yẹn ná.

Inú kọndẹ́ńsà náà tún pín sí méjì, èyí tí awọ ẹ̀ fẹ̀ àti èyí tí awọ ẹ̀ kéré. Àwọn èèyàn fẹ́ràn èyí tó fẹ̀ torí ó tóbi lójú, fótò ẹ̀ dáa, wọ́n sì máa ń rí i níwájú akọrin. Ariwo tirẹ̀ fúnra ẹ̀ sábà máa ń kéré lóòótọ́. Àmọ́ fún èlò orin onígi àti olókùn, èyí tí awọ ẹ̀ kéré, tó rí gbọọrọ bí ìkọ̀wé, òun ni mo fẹ́ràn, ìdí sì ni pé ohùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú ẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tó ti iwájú wọlé. Ohun tó mú kí ìyẹn ṣe pàtàkì ni pé jìtá tàbí fáyólìn kì í dúró lójú kan, ohùn ẹ̀ sì ń ti ibi púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí máìkì bá ń yí ohùn ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo ìgbà tí olórin bá yí ara ni ohùn èlò ẹ̀ á máa yí àwọ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwọn máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ara èlò orin, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju orí ìka lọ, inú ìdílé kọndẹ́ńsà làwọn náà wà. Iná tó yẹ kó wà láàárín awọ àti irin, wọ́n ti fi pa mọ́ sínú ohun tí wọ́n fi ṣe é látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é, iṣẹ́ Gerhard Sessler àti James West nìyẹn ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1962. James West yìí, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, máìkì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, iṣẹ́ ọwọ́ òun àti ẹnì kejì ẹ̀ ni, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa ò mọ orúkọ ẹ̀, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ẹ jọ̀ọ́.

Ìkẹta ni ríbọ̀nù. Abala alumínìọ́mù kan tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ni wọ́n so sáàárín mágínẹ́ẹ̀tì, Walter Schottky àti Erwin Gerlach ló ṣe é ní Jámánì ní 1924. Ohun tó máa ń ṣe fún fáyólìn àti tróńpẹ́ẹ̀tì dùn mọ́ mi nínú, ohùn tó bá mú létí, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan EQ, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì tó ń tún báàsì àti òkè ohùn ṣe, rárá. Iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń gbọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì di. Àmọ́ ẹlẹgẹ́ ni, ẹ má fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i láti fi dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà tó bàjẹ́ gbé fóólìtì 48 yẹn lọ bá a bẹ́ẹ̀ gbẹgẹdẹ, ó lè ya. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó jẹ́ máìkì àkọ́kọ́ tó máa rà.

Ohun tó wá ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá lórí pèpéle ni pé wọn ò mọ ibi tí máìkì wọn ti ń gbọ́ran àti ibi tó ti di. Irú máìkì tá à ń pè ní kádíọ́ìdì ló pọ̀ jù nígboro, iwájú ló ń gbọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ló di sí jù, torí náà sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara ẹ̀, ẹ̀yìn máìkì gan-an ló yẹ kó wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ supercardioid lẹ̀ ń lò, tó ń gbọ́ iwájú ṣóńṣó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ń gbọ́ díẹ̀ o, ibi tó di sí jù wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 126 láti iwájú, ìyẹn ni pé ẹ máa gbé sípíkà yà sápá ọ̀tún tàbí òsì ẹ̀yìn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ máìkì sí èyí tó dáa jù, tí wọn ò sún sípíkà, tó wá ń han gooro ju tàtijọ́ lọ, tí wọ́n ń bú máìkì. Máìkì ò ṣe nǹkan kan.

Máìkì tó ń gbọ́ yíká, tá à ń pè ní ómínì, ohùn ẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀, ó sì ní ẹ̀bùn kan tí kádíọ́ìdì ò ní: tẹ́ ẹ bá gbé kádíọ́ìdì tàbí ríbọ̀nù sún mọ́ èlò orin, báàsì ẹ̀ á máa wú, bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni yóò máa wú sí i, àmọ́ ómínì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá tó dáa, tí kò sí ariwo, ẹ gbé ómínì síwájú jìtá tàbí fèrè, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lórí pèpéle aláriwo, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ṣe kókó o. Tẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ohun tó ń dún, ohùn tó ń bọ̀ tààrà látara ẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀ (dẹ́síbẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), àmọ́ ohùn tó ń ta bọ̀ látara ògiri ò ní lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà tí yàrá bá burú, tí ògiri ẹ̀ le tó ń dáhùn wáúwáú, ẹ sún máìkì mọ́ èlò orin, tí yàrá bá dùn, ẹ sún sẹ́yìn kí yàrá náà wà nínú orin. Kọndẹ́ńsà olówó ńlá nínú yàrá burúkú máa gba gbogbo burúkú yàrá yẹn sílẹ̀ fún yín ní kedere ni. Owó tí èèyàn kan fẹ́ fi ra máìkì kejì, mi ò bá sọ fún un pé kó fi ra aṣọ nínípọn tó máa fi bo ògiri.

Lórí pèpéle, sípíkà ni ọ̀tá wa. Ohùn tó bá jáde nínú sípíkà tó tún padà wọ máìkì ló ń mú kó han gooro. Iye máìkì tó ṣí sílẹ̀ náà ń dá kún un, tẹ́ ẹ bá sọ máìkì tó ṣí di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 3 lẹ ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í han, ẹ máa pa èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò. Fún fáyólìn tàbí sáksófóònù tó ń rìn ká, máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ara ẹ̀ dáa ju èyí tó wà lórí ìdúró lọ, torí bí olórin bá ṣe ń jó, máìkì ń bá a jó, ohùn ò ní máa lọ máa bọ̀. Àwọn jìtá tí wọ́n ti fi píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba ìgbọ̀nrìrì dípò máìkì, sí abẹ́ ibi tí okùn gbé lé, ìyẹn kì í tètè han, mo gbà, àmọ́ ohùn ẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń ta wàkì wàkì tí wọ́n bá ta á le, torí ìgbọ̀nrìrì abẹ́ okùn nìkan ló ń gbọ́, kò gbọ́ afẹ́fẹ́ tó yí jìtá ká. Ohun tó máa ń bá mi lára mu ni pé kí píkọ́ọ̀pù gbé báàsì àti ara ohùn, kí máìkì kan wá fi díẹ̀ kún un lókè, kí ẹ sì gé báàsì lára máìkì yẹn.

Píánò ńlá, mi ò lè sọ púpọ̀ lórí ẹ̀ níbí torí ìwé ńlá ni tirẹ̀, láti 27.5 Hz dé 4,186 Hz ni àwọn bọ́tìnnì ẹ̀ lọ, ó fẹ̀, máìkì kan tó bá sún mọ́ ọn jù ò lè gbọ́ ọ tán, méjì ló dáa, ọ̀kan á wo apá báàsì ọ̀kan á wo apá òkè. Ìlù aláwọ méjì, tẹ́ ẹ bá gbé máìkì kan sókè kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan sísàlẹ̀, nígbà tí ọwọ́ bá lu awọ òkè, ó ń sá fún máìkì òkè nígbà tí awọ ìsàlẹ̀ ń bọ̀ wá bá máìkì ìsàlẹ̀, tí wọ́n bá pàdé lórí míkísà wọ́n á máa pa ara wọn, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń yí ohùn ọ̀kan sódì lórí míkísà, ẹ máa gbọ́ bí ìdí ìlù ṣe máa padà wálé.

Pípa ara wọn yìí ò mọ sórí ìlù o. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí máìkì méjì bá ń gbọ́ jìtá kan, tí ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà ju ìkejì lọ, ohùn máa pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀, ohùn tó wà ní 500 Hz máa sọnù, 1,500 Hz á sọnù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, jìtá á wá dún bí ẹni pé inú páìpù ló wà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sọ pé máìkì ò dáa. Tó bá jẹ́ olórin méjì ló jókòó tira wọn, tí kálukú ní máìkì tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí máìkì kan jìnnà sí ìkejì ní ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe jìnnà sí olórin tirẹ̀. Tó bá jẹ́ èlò kan lẹ fẹ́ gbà ní sítẹ́rìò, ìyẹn ohùn ọ̀tún lọ́tọ̀ ti òsì lọ́tọ̀, ẹ fi orí máìkì méjì kan ara wọn ní ìwọ̀n dígírì 90, tàbí kẹ́ ẹ ṣe bíi ti ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Faransé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní ORTF nígbà yẹn, sẹ̀ǹtímítà 17 láàárín orí méjèèjì, ìwọ̀n dígírì 110 láàárín ibi tí wọ́n dojú kọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì mónò, tó ń pa ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá nǹkan kan sọnù.

Tí èèyàn bá fẹ́ rà wàyí, bébà tó wà nínú páálí máìkì wúlò, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò níbẹ̀. "20 Hz dé 20,000 Hz" nìkan ò sọ nǹkan kan fún yín, ẹ wo àwòrán ìlà tó wà níbẹ̀, ibi tó ti gbé sókè àti ibi tó ti rọlẹ̀. Fún èlò tó ń dún jẹ́jẹ́ ẹ wo iye ariwo tí máìkì fúnra ẹ̀ ń ṣe, tó bá wà nísàlẹ̀ dẹ́síbẹ̀lì 15 ó dáa. Fún tróńpẹ́ẹ̀tì àti ìlù, iye ariwo tó lè gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ni kẹ́ ẹ wò, èyí tó bá ju dẹ́síbẹ̀lì 130 lọ lẹ nílò, tàbí kó ní bọ́tìnnì tó lè mú un wálẹ̀ ní 10 tàbí 20.

Àmọ́ etí ló máa dá a lẹ́jọ́. Bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe é rèé: kẹ́ ẹ tó gbé máìkì kankan jáde, ẹ sọ fún olórin kó máa ta nǹkan ẹ̀, ẹ fi ìka di etí kan, ẹ máa rìn yí i ká, ẹ tẹ̀ ba, ẹ nàró, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ jìnnà sí i, ibi tí etí yín bá ti sọ pé ibí yìí dùn, ibẹ̀ ni máìkì máa kọ́kọ́ dúró. Kẹ́ ẹ wá bi olórin náà pé ṣé bí nǹkan rẹ ṣe ń dún létí rẹ nìyí? Ẹni tó ti ń gbé fáyólìn sábẹ́ àgbọ̀n láti kékeré mọ ohùn ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tó wà nídìí míkísà lọ, mi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi í bi wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń fi máìkì méjì wéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá rí i pé bí ọ̀kan ṣe ń dún sókè ni ìkejì ṣe ń dún sókè. Ìyàtọ̀ dẹ́síbẹ̀lì kan péré tó láti tan etí, èyí tó bá dún sókè jù ni etí máa yàn, ó sì lè jẹ́ èyí tí kò dáa yẹn gan-an ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú wa, ni pé tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá lọ sóde orin, tí ohùn ò bá dáa, kí wọ́n má tètè kọ ọ́ pé olórin ò mọ nǹkan ẹ̀ ṣe, kí wọ́n rọra sún mọ́ pèpéle, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ọ láìsí sípíkà, kí wọ́n tó kọ nǹkan kan. Ẹ sì tún bá wa bẹ àwọn tó ń ṣètò òde orin kí wọ́n fún olórin àti onísáúǹdì láyè láti jọ jókòó dán an wò kí èrò tó wọlé, kì í ṣe kí wọ́n máa so wáyà nígbà tí ẹni tó ń darí ètò ti ń pe orúkọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ lẹ́tà yìí tẹ́ ẹ rí i pé ó gùn jù, ẹ lè gé e, mi ò ní bínú, ẹ kàn jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi ibi tí mo ti ní kí wọ́n fi ìka di etí kan kí wọ́n rìn yí olórin ká yẹn sílẹ̀, torí ìyẹn ò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lálẹ́ òní.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onísáúǹdì kan, òǹkàwé yín